Bésíbọ́ọ̀lù ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Dayọ̀ (Baltimore)

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin èèyàn mi. Yìnyín ò jẹ́ ká jáde láti ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn ni mo fi ráyè kọ èyí.

Dayọ̀ ọmọ mi, ọmọ ọdún méjìlá, ti sọ bésíbọ́ọ̀lù di ẹ̀sìn. Arsenal tí a jọ ń wò láti kékeré rẹ̀, kò wò ó mọ́. Bó bá ti jí, orí fóònù ló ń lọ, kó lọ wo ta ni wọ́n rà, ta ni wọ́n tà. Lọ́jọ́ tí Orioles, ẹgbẹ́ ìlú wa níbí, mú Pete Alonso ní December, ariwo tó pa nínú yàrá rẹ̀, ìyá rẹ̀ rò pé iná ló gbé e. Mo sáré wọlé, mo ní kí ló dé. Ó ní, "Daddy, ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 155 dọ́là!" Mo ní ta ló ń jẹ́ Alonso. Ọmọ yìí wò mí, ó rọra da ojú fóònù rẹ̀ dé, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀bi mi ni. Lọ́dún tó kọjá ó jókòó tì mí, ó ń ṣàlàyé eré náà fún mi, oorun gbé mi lọ kí wọ́n tó dé inning kẹta. Láti ìgbà yẹn ni kò ti ṣàlàyé fún mi mọ́.

Ibi iṣẹ́ náà ò yàtọ̀. Wọ́n á ní Dodgers, ẹgbẹ́ Los Angeles, ti ba eré jẹ́, wọ́n á ní rọ́bọ́ọ̀tì ló máa ṣe rẹfirí lọ́dún yìí, wọ́n á ní tẹ́tẹ́ ti kó bá àwọn kan, wọ́n á ní eré lè má sí lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi á kàn máa mi orí bí alángbá.

Mo fẹ́ mú un lọ sí Camden Yards, pápá Orioles, ní April. Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó lọ, kí ni mo lè fò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da gbogbo ìwé òfin lé mi lórí.

Kọ́lá Houston

Bọ̀dá, ẹ fi ìròyìn sílẹ̀ ná. Ẹni tí ò mọ ayò ta, tó bá bá àwọn àgbà nídìí ọpọ́n, á ní wọ́n kàn ń kó ọmọ ayò kiri ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bésíbọ́ọ̀lù ṣe ń rí lójú ẹni tí ò mọ ibi tó yẹ kó wò. Ẹni méjì ni kí ẹ tẹjú mọ́: ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù àti ẹni tó di kóńdó mú. Àwọn yòókù, ẹ gbàgbé wọn fún wákàtí kan.

Ẹni tó ń jù ú fẹ́ kí oníkóńdó gbá afẹ́fẹ́, tàbí kó dúró máa wo bọ́ọ̀lù tó dáa bó ṣe ń kọjá lọ. Irú ẹ̀ ni strike; bó bá pé mẹ́ta, oníkóńdó ti jáde. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá gba ìta ojú ibi tó yẹ kọjá (ball nìyẹn) lẹ́ẹ̀mẹrin, tí onítọ̀hún ò sì gbá a, á rìn lọ sí béèsì àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá wá rí 3-2 lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn ball 3, strike 2, ẹ má sùn nígbà yẹn. Àwọn méjèèjì ti wà létí kòtò. Bí èèyàn mẹ́ta bá ti jáde, ẹgbẹ́ kejì á gba kóńdó. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní inning. Kò ju ìyẹn lọ.

Ìyá Ìbejì (Bowie)

Kọ́lá, o ṣàlàyé dáadáa, àmọ́ ohun tí bọ̀dá ń wá kọ́ nìyẹn. Bàbá Dayọ̀, ẹ má lọ kàwé ní kọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ wá máa ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà á já yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ tọrọ àforíjì oorun ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó kọ́ yín. Ìbéèrè kan péré lójúmọ́. Ọdún kẹrin rèé tí àwọn ìbejì mi ti ń ṣe eré yìí, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, nínú mọ́tò, tá a bá ń bọ̀ láti ibi ìdánrawò. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nílé á sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò.

Ẹ bi í ìdí tí wọ́n fi ń pe Alonso ní Polar Bear. Ẹ ó rí i bóyá kò ní fi ògún ìṣẹ́jú dáhùn.

Ní ti oorun, ẹ má bẹ̀rù. Eré náà ti yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ti fi aago sí i, ìṣẹ́jú àáyá 20 ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ní.

Adé Chicago

Àtúnṣe díẹ̀, mà. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni tí kò bá sí ẹnikẹ́ni lórí béèsì. Tí èèyàn bá wà níbẹ̀, 20 ni nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2023, wọ́n ti dín in kù sí 18 láti 2024. Tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá falẹ̀, wọ́n á kọ ball kan sí i lọ́rùn. Oníkóńdó náà gbọ́dọ̀ ti múra tán nígbà tó bá ku 8, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ strike ni.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà yẹn, mo mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ní 2022, eré kan máa ń lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta. Ní 2023 ó já wá sí bíi wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń kúrò nílé láìmọ ẹni tó borí. Nísinsìnyí mo ń rí òpin eré, mo sì tún ń jẹun.

Kì í ṣe pé ohun tí mò ń rí dùn mọ́ mi o. White Sox ni tèmi. Nínú eré 162 tí wọ́n ṣe ní 2024, wọ́n pàdánù 121. Láti 1901, kò sí ẹgbẹ́ tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi kẹ́dùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Toronto

Adé, o ò tíì rí ìbànújẹ́. Kí ẹgbẹ́ èèyàn burú látìbẹ̀rẹ̀, ó ti mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa fún Bàbá Dayọ̀, torí mo rò pé eré kan ṣoṣo ni kó wò kó tó lọ sí pápá, eré keje World Series 2025, ìdíje tí wọ́n fi ń gba ife, Blue Jays tiwa àti Dodgers. Kí òun àti ọmọ ẹ̀ jọ wò ó látìbẹ̀rẹ̀.

Láti 1993 la ò ti gba ife yìí mọ́. Ní ọjọ́ kìíní November, ilé mi kún fọ́fọ́. Ìyàwó mi ti dín àkàrà, àbúrò mi gbé súyà wá láti Brampton. Ní inning kẹta, Bo Bichette tí orúnkún ń dà láàmú gbá bọ́ọ̀lù tí Ohtani ti Dodgers jù, ó gbá a jáde kúrò nínú pápá, èèyàn mẹ́ta yí béèsì po wọlé, àmì mẹ́ta nìyẹn. 3-0. Ẹnì kan nínú ilé mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ọpẹ́. Mo ní kó dákẹ́, a ò tíì jẹun tán.

Wọ́n ń bù ú díẹ̀díẹ̀. Ó di 4-3. Inning kẹsàn-án dé, ó ku kí èèyàn méjì péré jáde lọ́wọ́ Dodgers, ká gbé ife. Ẹni tó wá di kóńdó mú ni Miguel Rojas, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ẹni tí kì í gbá bọ́ọ̀lù jáde, ẹni tí wọ́n fi sí ìkẹyìn nínú àwọn mẹ́sàn-án. Òun ló gbá a jáde. 4-4. Ẹ̀yin ará, èmi gbọ́ ìró fíríìjì nínú ilé tí ogún èèyàn wà.

Nígbà tó kan wa láti gbá, àwọn èèyàn wa kún béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan péré ló tíì jáde. Ká ṣáà rí ẹnì kan wọlé, ó parí. Daulton Varsho gbá a sílẹ̀, bọ́ọ̀lù lọ bá Rojas yẹn náà, ó kọsẹ̀ díẹ̀, ó sọ ọ́ sílé. Isiah Kiner-Falefa ń bọ̀ láti béèsì kẹta. Wọ́n mú un. Ohun tó fi pẹ́ kò tó bàtà ọmọdé. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e fò lọ sẹ́yìn, Andy Pages sáré láti ọ̀nà jíjìn, ó ya lu ẹnì kejì rẹ̀, ó ṣì há a. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kejì wà nílẹ̀.

Inning kọkànlá, Will Smith ti Dodgers gbá tirẹ̀ jáde. 5-4. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ṣì ń bá Kiner-Falefa jà lé lórí títí di òní ni pé ó dúró sún mọ́ béèsì jù. Àmọ́ ẹ wo eré kẹfà, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: bọ́ọ̀lù tó fò ni wọ́n há, wọ́n bá Addison Barger tó ti jìnnà sí béèsì kejì tó yẹ kó padà sí, wọ́n mú un, eré parí síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ fún Kiner-Falefa pé kó má jìnnà. Ohun tó jẹ wá lánàá la ń sá fún tí ti òní fi jẹ wá.

Bichette náà ti lọ sí Mets ti New York báyìí. Ẹ má bi mí.

Ṣẹ̀gún LA

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ Kiner-Falefa kọ́ ló pa yín, Yamamoto tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa ni. Ó ju bọ́ọ̀lù 96 ní eré kẹfà. Èèyàn tó bá jù tó bẹ́ẹ̀ máa ń sinmi ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Òun padà wá lọ́jọ́ kejì, ó gba bọ́ọ̀lù ní inning kẹsàn-án, kò sì gbé e sílẹ̀ títí wọ́n fi gbé ife fún wa. Ẹ má fi iṣẹ́ ọkùnrin yẹn pe àṣìṣe yín.

Ọmọ yín mọ Ohtani dájú, Bàbá Dayọ̀. Òun ló gbá 54 jáde tó tún jí béèsì 59 (ó sáré gbà á láìjẹ́ pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù) ní 2024, ẹnikẹ́ni ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ní October tó kọjá, nínú eré kan ṣoṣo pẹ̀lú Brewers, ó gbá mẹ́ta jáde, ó tún ju bọ́ọ̀lù, ó fi strike lé oníkóńdó mẹ́wàá jáde. Ó dà bí kí Osimhen gbá góòlù mẹ́ta wọlé kó sì tún máa ṣọ́lé.

Ìdí tí gbogbo ayé fi ń bínú sí wa ni owó. Mílíọ̀nù 700 ni àdéhùn rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, mílíọ̀nù 2 péré ló ń gbà lọ́dún, ìyókù á máa bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú èlé. Ó gbọ́n.

Aṣírò Atlanta

Pẹ̀lú èlé kọ́ o, Ṣẹ̀gún. Ìyẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀.

Mílíọ̀nù 70 ló kàn án lọ́dún. Ó gba 2, ó fi 68 sílẹ̀. Àwọn 68 mẹ́wàá yẹn, láti 2034 títí di 2043 ni wọ́n á san wọ́n, láìsí èlé kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ti dá èésú rí mọ̀ pé ẹni tó kó kẹ́yìn ni ọjà máa ń wọ́n mọ́ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí líìgì fi ń ka àdéhùn náà sí bíi mílíọ̀nù 46 lọ́dún nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó orí tí ẹgbẹ́ tó náwó jù máa san. Àǹfààní ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀: wọ́n rí àyè fi ra ẹlòmíràn. Òun alára ò ní pebi, owó ìpolówó ọjà tó ń gbà ju ti gbogbo wọn lọ.

Ẹni tó gba owó ẹ̀yìn pẹ̀lú èlé ni Bobby Bonilla. Ó ti fẹ̀yìn tì láti 2001. Mets jẹ ẹ́ lówó tí kò tó mílíọ̀nù 6, wọ́n ní àwọn á san án bó bá yá, pẹ̀lú èlé 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 2011, gbogbo ọjọ́ kìíní July ni wọ́n ń san bíi mílíọ̀nù 1.19 fún un, títí di 2035. Mo ti fi kọ́ àwọn oníbàárà mi lẹ́kọ̀ọ́ rí, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ ń rín.

Juan Soto ló tún ya gbogbo wọn sílẹ̀ o, mílíọ̀nù 765 fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní December 2024. Kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ di ọ̀la.

Adé Chicago

Àǹfààní ẹgbẹ́, ìyẹn gan-an ló ń bí àwa nínú. Kyle Tucker wà lọ́dọ̀ Cubs níbí lọ́dún tó kọjá. Ní January, Dodgers fún un ní mílíọ̀nù 240 fún ọdún mẹ́rin péré. Ṣírò ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife lẹ́ẹ̀mejì léraléra.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "eré lè má sí" ti wá, Bàbá Dayọ̀. Ìwé àdéhùn láàárín àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn eléré máa parí lọ́jọ́ kìíní December 2026. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni ẹgbẹ́ fẹ́ kí wọ́n fi gbèdéke sí iye tí ẹgbẹ́ lè ná. Àwọn eléré ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú ayé àwọn. Irú ìjà yìí ló fa ìyanṣẹ́lódì 1994, ọdún yẹn wọn ò ṣe World Series rárá. Ní 2021 wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn eléré fún ọjọ́ 99, àmọ́ wọ́n parí ẹ̀ kó tó gba eré kankan. Nítorí náà, ẹ má sọ fún ọmọ yín pé "a ó lọ lọ́dún tó ń bọ̀".

Ṣẹ̀gún LA

Owó nìkan kọ́. Ẹ wo Mets, wọ́n kó gbogbo mílíọ̀nù yẹn fún Soto, 2025 parí, wọn ò dé ìpele àṣekágbá. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ yòókù lówó, wọ́n kàn ń hágún ni.

Ìyá Ìbejì (Bowie)

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ ọmọlọ́mọ lọ sílé ìfowópamọ́.

Bàbá Dayọ̀ (Baltimore)

Ẹ kúuṣẹ́ o. Mo ń kà gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè méjì: rọ́bọ́ọ̀tì yẹn ńkọ́? Àti pé Dayọ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n ra kóńdó kan fún òun tó ń jẹ́ torpedo. Mo wo iye rẹ̀, mo pa fóònù dé. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Kọ́lá Houston

Láti ọdún yìí, ẹ̀rọ ni á máa pe gbogbo bọ́ọ̀lù. Rẹfirí á kàn máa dúró bí ère ni.

Dàpọ̀ Cleveland

Kọ́lá, rárá o. Rẹfirí ṣì ni á máa pe bọ́ọ̀lù. Ohun tó yí padà ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ta ko ìdájọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú eré kan. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń há a, tàbí oníkóńdó, àwọn mẹ́ta yìí nìkan ló lè ṣe é. Kóòṣì ò gbọ́dọ̀ dá sí i. Onítọ̀hún á fọwọ́ gbá fìlà tàbí akoto orí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Kámẹ́rà á fi ibi tí bọ́ọ̀lù gbà hàn lórí pátákó, gbogbo pápá á rí i. Tó bá jàre, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tó bá jẹ̀bi, ọ̀kan ti lọ. Gíga oníkóńdó kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ náà fi ń wọn ojú ibi tó yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ náà, torí ìlú mi ni.

Emmanuel Clase wà lára àwọn tó dáa jù láyé nínú àwọn tó ń wá parí eré. Òun àti Luis Ortiz, ọmọ ẹgbẹ́ Guardians méjèèjì. Ní November tó kọjá, ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn kàn wọ́n nílé ẹjọ́ ní Brooklyn pé wọ́n máa ń sọ fún àwọn onítẹ́tẹ́ ṣáájú irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ jù, kí àwọn yẹn lè ta tẹ́tẹ́ lé e. Ìwé ẹ̀sùn ní àwọn onítẹ́tẹ́ rí ó kéré tán 400,000 dọ́là lórí bọ́ọ̀lù Clase. Àwọn méjèèjì ní àwọn ò jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ ló máa sọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kò di dandan kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù eré kó tó ṣe irú nǹkan yìí. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí: ṣé á yá tó báyìí, ṣé ball ni àbí strike. Ẹni tó bá ju ẹyọ kan sílẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára, ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣì lè borí. Ìdí nìyẹn tí líìgì àti àwọn ilé tẹ́tẹ́ fi fẹnu kò lẹ́yìn ẹ̀sùn yẹn pé kò gbọ́dọ̀ ju 200 dọ́là lọ lórí bọ́ọ̀lù kan, wọn ò sì gbọ́dọ̀ so ó mọ́ tẹ́tẹ́ mìíràn.

Èmi fúnra mi ta irú ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Mi ò ní dárúkọ ilé tẹ́tẹ́ náà. Èmi nìkan ló mọ̀, lórí fóònù, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi iṣẹ́, ìjókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún dọ́là ti lọ. Owó ilé ìwé ọmọ mi ni mo fi ta á. Ẹgbẹ́ mi ń borí o, èmi ń pàdánù. Mo ń sọ ọ́ torí Bàbá Dayọ̀: gbogbo ìpolówó tí ọmọ yẹn ń rí láàárín eré, tẹ́tẹ́ ni. Ẹ bá a sọ ọ́ nísinsìnyí.

Ìyá Ìbejì (Bowie)

Dàpọ̀, Ọlọ́run á dá a padà. O ṣeun tó o sọ ọ́.

Bàbá Dayọ̀, ọ̀rọ̀ kóńdó. Ẹ má rà á! Ìdí rẹ̀ rèé. Mo ra kóńdó olówó gọbọi fún Táíwò ní ilé ìtajà kan, ọmọ tó ń tajà ló ní òun ló dáa jù. A dé pápá, rẹfirí yí i po, ó wo ọrùn rẹ̀, ó ní "Ma'am, kò ní òǹtẹ̀." Ó fà á tì. Ní Little League, líìgì àwọn ọmọdé, ọ̀pọ̀ kóńdó tí kì í ṣe igi gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ USA Baseball lára, láti 2018. Èyí tí mo rà, òǹtẹ̀ USSSA ló ní, àwọn ẹgbẹ́ tó ń rìnrìn àjò káàkiri ni wọ́n ń lò ó. Ó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, ó ti di ohun tí mo fi ń wá ìró ní òru.

Adé Chicago

Torpedo alára: wọ́n kàn kó ìwúwo igi lọ sí ibi tí bọ́ọ̀lù máa ń bà jù, ó wá rí bí igi ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó tẹ́ lórí. Onímọ̀ físíìsì kan, Aaron Leanhardt, ló ṣe é. Ní ọjọ́ 29 March 2025, Yankees gbá mẹ́sàn-án jáde nínú eré kan, gbogbo ayé ní kóńdó ni. Àmọ́ Aaron Judge gbá mẹ́ta nínú wọn, kóńdó àtijọ́ ló lò. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ yín.

Kọ́lá Houston

Adé, ṣé igi ọ̀lẹ̀lẹ̀ wà ní ibì kankan láyé? Igi odó ló jọ.

Adé Chicago

Odó ni, ó tọ́. Ebi ló ń pa mí.

Àdùkẹ́ London

Èmi ò mọ nǹkan kan, mo kàn fẹ́ sọ pé ọkọ mi mú mi lọ wo Yankees àti Red Sox níbí ní 2019. 17-13! Ó lé ní wákàtí mẹ́rin. Ìgbà yẹn aago ò tíì sí. Ẹ mú oúnjẹ dání, Bàbá Dayọ̀, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ méjì.

Ìyá Ìbejì (Bowie)

Oúnjẹ ò lè ṣòro ní Camden Yards, a ti gbé mọ́ínmọ́ín wọ ibẹ̀ rí, wọn ò dá wa dúró. Ẹ kàn wo àpò tí wọ́n ń gbà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Túndé Yábàá

Láti Èkó ni mo ti ń ka gbogbo yín. Ẹ sọ fún Dayọ̀ pé ọmọ Yorùbá kan wà, Demi Orimoloye, Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti bí i, Canada ló dàgbà sí. Milwaukee Brewers mú un ní 2015. Kò dé líìgì àgbà. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí nílẹ̀ Áfíríkà tó wọlé ni Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, pẹ̀lú Pittsburgh ní April 2017. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó kàn án, ó gbá a dé béèsì.

Adé Chicago

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tó di kóńdó mú ni. Jon Lester ló sì ju ú, ẹni tó ń da gbogbo wọn láàmú nígbà yẹn. Inú mi ò dùn lọ́jọ́ yẹn, Cubs ni wọ́n bá ṣeré.

Bàbá Dayọ̀ (Baltimore)

Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Mo tẹ̀ lé ti Ìyá Ìbejì. Mo bi í nípa Polar Bear nínú mọ́tò nígbà tá a ń lọ ra mílíìkì. Ó kọ́kọ́ wò mí bóyá mo ń ṣe yẹ̀yẹ́. A dé ilé ìtajà, a ò sọ̀ kalẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Lálẹ́ Sátidé, a wo eré keje yẹn. Ó ti mọ bó ṣe parí, kò sọ fún mi. Nígbà tí Rojas gbá a, èmi ni mo pariwo, ìyá rẹ̀ tún sáré jáde. Mo ti ń ṣe ti Toronto láìmọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí Kiner-Falefa ò sáré tètè, ó fi ife omi àti ṣíbí mẹ́ta to pápá sórí tábìlì fún mi, ó fi hàn mí ibi tí Barger kú sí lálẹ́ àná rẹ̀. Mi ò sùn. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ kú àfaradà.

Mo sọ ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. Ó ní òun ti mọ̀ nípa Clase, ó ní káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, òun ò mọ ohun tí òun máa fi ṣe. Mo ní kó tọ́jú ẹ̀ kí ilé ẹjọ́ parí iṣẹ́ wọn.

Kóńdó ò sí. Ó gbà. Alonso ti ń lọ sí Sarasota fún ìdánrawò, tíkẹ́ẹ̀tì April wà nínú fóònù mi.

Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, mo ní ó tó, ó yá, ibùsùn. Ọmọ yìí dìde, ó wò mí lójú, ó fọwọ́ gbá orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí nìyẹn? Ó ní òun ta ko ìdájọ́.

Mo ní o ti pàdánù ọ̀kan, ó ku ọ̀kan. Ó lọ sùn.